Ẹ fọ changer kẹ́ẹ tó yí skrúù o

Ẹ̀yin tèmi, ẹni tó bá ra pedal steel àtijọ́, ìyẹn gìtá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì ẹ̀ láti yí ohùn okùn padà, bíi Sho-Bud ti Nashville l'Amẹ́ríkà yẹn, tó tẹ pẹ́dàlì tí ohùn okùn ò padà síbi tó wà, ẹ má tíì fọwọ́ kan skrúù kankan. Ọ̀pọ̀ ìgbà epo àtijọ́ ló gan mọ́nú changer, ìyẹn irin tó ń fa okùn tó sì ń dá a padà, lápá ọ̀tún. Ẹ gbé e síta, kó jìnnà síná, ẹ kán epo láítà díẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ẹ máa tẹ pẹ́dàlì títí ìdọ̀tí dúdú á fi jáde, ẹ nù ún, ẹ wá fi epo màṣíìnì ìránṣọ sí i, ẹ̀kán kan ti tó. Igi ara ẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fi sandpaper họ ọ́ jàre, ara ọ̀dà àtijọ́ yẹn lowó wà. Tó bá ti ń lọ geere, ẹ gbọ́ bí Demola Adepoju ṣe ń ta á fún Sunny Adé, kẹ́ẹ máa bá a lọ.