Bàálù kékeré tó ti dàgbà: ibo ni kí owó yín kọ́kọ́ wọ̀?

Ẹni tó fẹ́ ra Cessna 172 tó ti lé ní ogójì ọdún, tó fẹ́ máa gbé e sí Ìkẹjà, iwájú awakọ̀ ni ojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ: kó yọ aago àtijọ́ dànù, kó fi síkírínì dípò. Ẹ ṣe sùúrù. Ìwé ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí.

Ẹ wo iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣe látìgbà tí wọ́n tú u tún un ṣe kẹ́yìn, kẹ́ ẹ wo ọdún rẹ̀ náà. Lycoming O-320 tó wà nínú ọ̀pọ̀ 172, 2,000 wákàtí tàbí ọdún 12 ni àwọn tó ṣe é dá fún un kí wọ́n tó tún tú u ṣe. Ẹ má jẹ́ kí “400 wákàtí péré ni” tàn yín. Èyí tó ti dúró sójú kan fún ọdún mẹ́wàá lè burú ju èyí tó ti ṣe 1,200, tí wọ́n ń gbé fò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òkè ẹ́ńjìnnì ni camshaft rẹ̀ wà, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ ò bá fò, ọ́ìlì á ṣàn kúrò lára rẹ̀, atẹ́gùn oníyọ̀ Èkó á mú un dógùn-ún. Kí mẹkáníìkì gé fílítà ọ́ìlì, kó na bébà inú rẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bó bá rí èérún irin tó ń dán, owó síkírínì ti di owó ẹ́ńjìnnì nìyẹn.

ELT, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ké fún ìrànlọ́wọ́ bí ọkọ̀ bá já, bó bá jẹ́ ti 121.5 MHz nìkan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí ti 406 MHz: láti oṣù kejì ọdún 2009 ni sátẹ́láìtì ò ti gbọ́ igbe 121.5 mọ́.

Páǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ fún aago tó ń sọ bóyá apá ọkọ̀ dọ́gba, èyí ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù. Kì í kìlọ̀ kó tó ṣẹ́. Bó bá ṣẹ́ nínú kùrukùru ọyẹ́, aago ò ní dúró lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, awakọ̀ á sì máa tẹ̀ lé e. Síkírínì méjì tó ní bátìrì tirẹ̀ nínú, tẹ́ ẹ fi lè yọ páǹpù náà kúrò pátápátá, yẹ lówó tẹ́ ẹ bá ná sí i. Àmọ́ ẹ bèèrè STC rẹ̀, ìyẹn ìwé àṣẹ àyípadà, fún irú ọkọ̀ yín gan-an, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá NCAA, àjọ tó ń ṣọ́ ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, kí ẹnikẹ́ni tó tú skúrù kan.

Bí wọ́n bá ti ṣí iwájú ọkọ̀, kí wọ́n ṣe rédíò àti transponder (ẹ̀rọ tó ń dá rédà lóhùn) pọ̀ mọ́ ọn, ká má san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n fa gbogbo wáyà òkú jáde, kí wọ́n tún ọkọ̀ wọ̀n. Wáyà tuntun lè fa abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì wọ́, nítorí náà kí wọ́n yẹ ẹ́ wò, kí wọ́n kọ káàdì tuntun tó ń sọ bó ṣe ń ṣì sí i.