Bí Mo Ṣe Ka Àwọn Tó Dá Òwò Sílẹ̀ Lẹ́yìn Ẹ̀kọ́ Okòwò

Ìwé orúkọ àwọn tó gba sàtífíkéètì ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Ẹni tó gba sàtífíkéètì ò tíì di oníṣòwò, nítorí náà mo kọ́kọ́ pinnu ẹni tí mo máa kà: ẹni tí kò ní òwò kankan lọ́jọ́ tó forúkọ sílẹ̀, àmọ́ tó ti tajà tàbí gbowó iṣẹ́ láàárín 30 ọjọ́ ṣáájú ìbéèrè mi. Ẹni tó ti ń dín àkàrà tà tẹ́lẹ̀ ò sí lára wọn, bó ti wù kí ọjà rẹ̀ gbòòrò tó. Ìwé CAC, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò lọ́dọ̀ ìjọba, náà ò tó ẹ̀rí. Àwọn mìíràn ń gbà á kí wọ́n lè rí owó ìrànwọ́ ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé wọn kì í wá ẹni tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó sáré gba fọ́ọ̀mù lè ti pinnu láti ṣòwò, ìbáà kọ́ ẹ̀kọ́, ìbáà má kọ́. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ pọ̀ ju àga lọ, kèké la fi yàn, obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀. Àwọn tí kèké ò mú ni mo fi wé àwọn tó mú.

Ẹ kíyè sí ohun tí kèké pín o. Nínú YouWiN! ti ọdún 2011 ní Nàìjíríà, ìdíje ètò òwò tí ìjọba àpapọ̀ ṣe, nǹkan bí 24,000 èèyàn forúkọ sílẹ̀, wọ́n yan 6,000 fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́rin, 1,200 sì gba owó. Kèké ló mú 729 nínú 1,200 yẹn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, láàárín àwọn tí kò ní òwò tẹ́lẹ̀, àwọn tí kèké mú fi 37 nínú ọgọ́rùn-ún ju àwọn tí kèké ò mú lọ lẹ́nu òwò. Àmọ́ owó ni kèké yẹn pín, tó lè tó mílíọ̀nù 10 náírà. Apá méjèèjì ló ti kọ́ ẹ̀kọ́. A ò lè fi èsì yẹn yin kíláàsì.

Mo pe gbogbo wọn ní oṣù kẹfà lẹ́yìn ẹ̀kọ́, mo tún pè ní oṣù kejìdínlógún. Oṣù kẹfà nìkan ń tanni jẹ: nínú GATE, ètò ẹ̀kọ́ okòwò kan l'Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ sọ àwọn tí kò níṣẹ́ di oníṣòwò, ìyàtọ̀ náà sì pòórá nígbà tó yá. Nọ́ńbà mẹ́ta ni mo ti gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan: tirẹ̀, ti mọ̀lẹ́bí, ti aládùúgbò. Ẹni tí òwò rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ kì í fẹ́ gbé fóònù, bẹ́ẹ̀ tí a bá fi í sílẹ̀, èsì á dára ju òtítọ́ lọ. N kò jẹ́ kí olùkọ́ kankan bá mi pè, torí ohun tí olùkọ́ fẹ́ gbọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ. Mo dé ìsọ̀ ẹnì kan nínú mẹ́wàá, mo fojú rí ọjà tó wà nílẹ̀.

Nígbà ìṣírò, ẹni tí kèké mú tó sá lọ lọ́jọ́ kejì ṣì wà lára àwọn tó wọlé. Ká ní 30 nínú 100 tó wọlé ló ní òwò, tí 24 nínú 100 tí kò wọlé náà ní in, òwò 6 ni ẹ̀kọ́ dá sílẹ̀. 6 yẹn ni mo fi pín gbogbo ìnáwó lórí 100 tó wọlé, kí n lè mọ iye tí òwò kan ná wa: owó olùkọ́, gbọ̀ngàn, oúnjẹ, owó ọkọ̀.