Owó ọkọ̀ àpótí wa dé òfuurufú

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní físíìsì ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ti gbọ́ pé yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ ti ní sátẹ́láìtì tirẹ̀ rí, ni wọ́n bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èló ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ àwa náà?" Mo lè sọ pé ó wọ́n, kí n sì máa bá tèmi lọ, àmọ́ ẹni tó béèrè iye owó kò béèrè bóyá ó wọ́n. Mo ní ká jọ ṣírò rẹ̀.

Ìwọ̀n ẹrù la kọ́kọ́ mú. Láti ọdún 1999 ni Jordi Puig-Suari ti yunifásítì Cal Poly àti Bob Twiggs ti yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, ti gbé CubeSat kalẹ̀, pé kí sátẹ́láìtì kékeré jẹ́ àpótí tí òró, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Ọmọbìnrin kan gé páálí bíṣíkíìtì, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ra di àpótí, a sì ń da iyanrìn sínú rẹ̀ títí òṣùwọ̀n tí a yá lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ṣe búrẹ́dì fi dé orí kílò kan. Àpótí náà kò tiẹ̀ tíì kún. Gbogbo kíláàsì gbé e wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún wọn pé inú ibi tó mọ báyẹn ni bátìrì, rédíò, kọ̀ǹpútà àti kámẹ́rà máa gbé.

Ó wá ku ẹni tó máa gbé e. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ìjọba nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Láti ọdún 1980 tí wọ́n ti dá Arianespace sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ni ilé-iṣẹ́ ti ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà láti bá a gbé sátẹ́láìtì lọ. Nàìjíríà kò ní rọ́kẹ́ẹ̀tì tó lè dé ibẹ̀, owó ọkọ̀ la máa ń san. Sátẹ́láìtì wa NigeriaSat-1 bá rọ́kẹ́ẹ̀tì Kosmos-3M ti Rọ́ṣíà lọ láti Plesetsk ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003. NigComSat-1R bá Long March 3B ti Ṣáínà lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Ṣùgbọ́n èyí tó mú kí wọ́n la ẹnu sílẹ̀ ni ti NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X, tí wọ́n jọ lọ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011 kan náà. Dnepr ló gbé wọn. Ohun ìjà ni Dnepr tẹ́lẹ̀, ìjọba Soviet ló ṣe é láti fi ju bọ́ǹbù átọ́míìkì. Nígbà tí ìjà àwọn àti Amẹ́ríkà rọlẹ̀, wọ́n yọ bọ́ǹbù kúrò lórí rẹ̀, wọ́n sì ń ta àyè ibẹ̀ fún àwọn tó ní sátẹ́láìtì. "Bọ́ǹbù ló gbé tiwa lọ nìyẹn, sà?" Mo ní kò jìnnà sí bẹ́ẹ̀.

Ètò owó náà kò yàtọ̀ sí ti gáréèjì. Ẹni tó lówó á gba mọ́tò ní ṣátà, òun ló máa mú ọjọ́, òun náà ló máa sọ ibi tí wọ́n máa já òun sí. Falcon 9, rọ́kẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ SpaceX ti Amẹ́ríkà, ga tó mítà 70, ó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́sàn-án nídìí, nǹkan bíi mílíọ̀nù 70 dọ́là sì ni ṣátà rẹ̀. Electron ti Rocket Lab, tó sábà máa ń gbéra láti Mahia ní New Zealand, kò ju mítà 18 lọ. 300 kílò ló lè gbé mọ, owó rẹ̀ kò sì tó ìdámárùn-ún ti Falcon 9. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ṣátà á wọkọ̀ pẹ̀lú èrò. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, Íńdíà fi rọ́kẹ́ẹ̀tì PSLV kan ṣoṣo kó sátẹ́láìtì 104. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2021, SpaceX kó 143 nínú ìrìn tí wọ́n pè ní Transporter-1. Èrò kì í pàṣẹ fún dẹrẹ́bà o: ibi tí ọkọ̀ ń lọ ni gbogbo wọn ń lọ. Transporter sábà máa ń gba ọ̀nà tó kọjá nítòsí òpin àríwá àti òpin gúúsù ayé. Ìyẹn sì dára fún wa, nítorí sátẹ́láìtì tó bá wà ní ọ̀nà yẹn máa ń kọjá lórí ìlú kan ní nǹkan bí aago kan náà lójoojúmọ́, ohun tí ẹni tó fẹ́ ya oko káṣú láwòrán sì ń wá nìyẹn.

Iye tí SpaceX ń gbà lórí Transporter ní ọdún 2024 ni mo kọ sójú pátákó: $300,000 fún 50 kílò, lẹ́yìn náà $6,000 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá lé. Ọmọkùnrin kan ti já ṣọ́ọ̀kì gbà lọ́wọ́ mi. Kílò kan, $6,000. Tí a bá pe dọ́là kan ní ₦1,500, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà. Ariwo sọ! Wọ́n ti ń dárúkọ àwọn alájọ tí wọ́n máa lọ bá. Mo ní kí wọ́n padà ka ìlà àkọ́kọ́ dáadáa. Orí 50 kílò ni owó ti bẹ̀rẹ̀. Bó o gbé kílò kan wá, owó 50 náà ni wàá san, mílíọ̀nù 450 náírà. Ariwo rọlẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn alárinà fi wà. Exolaunch ní Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n á ra àyè ńlá, wọ́n á pín in fún àwọn ẹlẹ́rù kékeré, àwọn náà ló sì máa ń mú àpótí onísípíríǹgì wá, èyí tó máa ti sátẹ́láìtì síta nígbà tí ọkọ̀ bá dé. Owó tí wọ́n ń gbà ju $6,000 yẹn lọ dáadáa, mi ò sì bá wọn jà, torí iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀.

Ibí yìí lẹnì kan ti béèrè ìdí tí a kò fi lè yìn ín láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbéèrè gidi ni. Ayé ń yí lọ síhà ìlà oòrùn, eré rẹ̀ sì pọ̀ jù ní ìlà agbedeméjì ayé (equator), nǹkan bíi 1,670 kìlómítà ní wákàtí kan. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá gbéra nítòsí ibẹ̀, tó sì kọjú síhà ìlà oòrùn, ti rí eré yẹn gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí Arianespace fi ń lo Kourou ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tó wà ní dígíríì márùn-ún sí ìlà yẹn. Tiwa jẹ́ nǹkan bíi mẹ́jọ, ti Cape Canaveral, ibi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì, sì lé ní 28. Tó bá jẹ́ ti eré nìkan ni, a ju àwọn ará Amẹ́ríkà lọ. Mo wá tẹ́ máàpù sórí tábìlì, mo gbé rúlà lé e láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ síhà ìlà oòrùn, mo ní kí wọ́n ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n kà á: Ọ̀fà, Òmù-Àràn. Ìsàlẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń já bọ́ tí epo inú rẹ̀ bá tán. Ti Falcon 9 ń padà wá gúnlẹ̀ láti oṣù Kejìlá ọdún 2015, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tó kù, omi òkun ni wọ́n ń já sí. Kourou ní òkun Àtìláńtíìkì níwájú. Àwa ní Ọ̀fà.

Àwọn owó tó kù kò pẹ́ kọ. Wọ́n máa gbé àpótí náà sórí ẹ̀rọ tó máa mì ín jìgìjìgì, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò ní tú ká lójú ọ̀nà. Bátìrì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní pípa títí wọn á fi tì í síta, rédíò rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fọhùn láàárín ìṣẹ́jú 45 àkọ́kọ́. Ìwé àṣẹ tún wà: NASRDA, àjọ òfuurufú Nàìjíríà, ní Abuja fún sátẹ́láìtì, ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, ní Geneva fún ìkànnì rédíò. Ti rédíò yẹn ni kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ o, ọ̀pọ̀ oṣù ló ń gbà, kò sì sí ẹni tó máa gbé ẹrù tí kò níwèé.

Lójú tèmi, ọ̀nà tí FUTA gbà ló bá ilé-ìwé mu. NigeriaEduSat-1, àpótí sẹ̀ǹtímítà 10 bíi tiwa, wà nínú iṣẹ́ Birds-1 tí Kyushu Institute of Technology ní Japan darí, pẹ̀lú ti Gánà, Mongolia, Bangladesh àti Japan fúnra rẹ̀. Falcon 9 kó márààrún mọ́ ẹrù tó ń gbé lọ fún àwọn tó ń gbé inú ibùdó òfuurufú ISS ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2017, wọ́n sì tì wọ́n síta láti yàrá Kibo ti Japan ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Àjọṣe ló gbé wọn débẹ̀, wọn kò lọ já tíkẹ́ẹ̀tì fúnra wọn.

Àwọn ọmọ náà ti kọ lẹ́tà sí yunifásítì LAUTECH tó wà nítòsí wa, pé kí wọ́n gbà wá mọ́ra. Iye iná tí àpótí náà máa jẹ la ń ṣírò lọ́wọ́ báyìí. Sólà tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ kò lè mú wá ju nǹkan bíi wáàtì méjì lọ, kámẹ́rà tí ọkàn wọn sì fà sí ń jẹ ju ìyẹn lọ.