Ẹ̀yin tó ń fi nọ́ńbà àyálò gba kóòdù, ẹ yé fowó ṣòfò

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, n kò tíì ṣí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi tán lójú ọ̀nà Ìwòrókò l'Ádó-Èkìtì, àwọn mẹ́ta ti dúró dè mí. Ọ̀rọ̀ kan náà ló gbé wọn wá: “Bọ̀dá, kóòdù ò wọlé.” Kóòdù tí ìkànnì tàbí áàpù máa ń fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà èèyàn kó tó ṣí àkáǹtì fún un ni wọ́n ń sọ. Ọ̀kan nínú wọn ti ra nọ́ńbà Amẹ́ríkà márùn-ún mọ́jú, ó ti ná ₦4,000, kò sì rí ẹyọ kan lò. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni fún ọmọ yunifásítì. Inú bí mi, kì í ṣe sí i nìkan, nítorí mo ti ń rí irú rẹ̀ láti ọdún yìí wá láì dáwọ́ dúró, ohun kan náà ló sì ń fà á nígbà gbogbo. Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ síbí, kí n má baà máa tún un sọ láràárọ̀.

Virtual number ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n rà, ìyẹn nọ́ńbà fóònù tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi gba kóòdù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ń ka èyí ti rà á rí. Nọ́ńbà àyálò ni èmi ń pè é, torí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn: wọ́n yá yín, wọ́n á sì gbà á padà. Ó ní ibi tó ti wúlò. Bí ẹ bá kàn fẹ́ wo ohun kan lórí ìkànnì tí ẹ ò ní padà sí mọ́, tí ẹ ò sì fẹ́ kí wọ́n máa fi ìpolówó dà yín láàmú lórí síìmù yín, ẹ yá a, kò burú. Ohun tó ju ìyẹn lọ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èkíní: nọ́ńbà ọ̀fẹ́. Àwọn ìkànnì kan wà tí wọ́n to nọ́ńbà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá wọlé sí wọn sì wà ní gbangba. Ẹ̀yin rí kóòdù yín, gbogbo ayé náà rí i. Mo ṣí ọ̀kan fún ọmọkùnrin kan kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kóòdù ilé ìtajà wọlé, kóòdù ìkànnì ìfẹ́ wọlé, lẹ́yìn náà ni ti ẹnìkan tó fẹ́ yí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ kedere. Ọmọ náà dákẹ́. Mo ní, “Bí èmi bá tẹ nọ́ńbà yìí síbi tí wọ́n kọ pé mo ti gbàgbé páswọ́ọ̀dù, ibo ni kóòdù máa wá?” Ó nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ìmeèlì kan tí mo fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ṣí ní 2019, oṣù mẹ́rin ni mo lò ó kí ẹlòmíràn tó gbà á lọ́wọ́ mi, tòun ti ìwé àwọn oníbàárà tí mo kó sínú rẹ̀. Mo ní láti máa lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa tọrọ àforíjì. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Èkejì: ẹ ra nọ́ńbà Telegram, ẹ wá ń fi dúró de kóòdù Google. Iṣẹ́ tí ẹ sanwó fún nìkan ni wọ́n máa ń fi kóòdù rẹ̀ hàn yín.

Ẹ̀kẹta: ẹ ti sanwó tán kí ẹ tó rántí pé dátà ò sí, pé áàpù ò tíì sọ̀kalẹ̀, pé bátìrì ti ku díẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 péré ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yáni ní nọ́ńbà fi ń yá a. Ẹ kọ́kọ́ dé ojú ibi tí wọ́n ti ń béèrè nọ́ńbà, kí ẹ tó rà á. Bí kóòdù ò bá dé, ẹ tètè fagi lé nọ́ńbà náà, torí ọ̀pọ̀ wọn máa ń dá owó padà sínú wáléètì, ìyẹn àpò owó tí ẹ ní lọ́dọ̀ wọn, bí kóòdù kankan ò bá tíì wọlé. Kí ẹ sì má máa tẹ “fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i” bí ẹni ń tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni àsìkò tí wọ́n ní kí ẹ fi dúró ń gùn sí i, títí tó fi máa di wákàtí mélòó kan.

Kí ló tiẹ̀ ń dá kóòdù dúró? Èyí ni ọmọ tó ná ₦4,000 ò mọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn nọ́ńbà yìí ò ní síìmù lẹ́yìn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbé, VoIP ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹni tó fẹ́ fi kóòdù ránṣẹ́ sì lè yẹ nọ́ńbà wò kó mọ̀ bóyá ti síìmù ni tàbí ti VoIP. Bó bá jẹ́ VoIP, ọ̀pọ̀ wọn ò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́. Àwọn míì sì wà tí síìmù gidi wà lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n tí ogún ènìyàn ti lò wọ́n ṣáájú yín, tí wọ́n ti tì wọ́n pa. Nítorí náà, bí méjì bá ti kọ̀ níbì kan, ìkẹta láti ọwọ́ ẹni kan náà ò ní ṣe. Ẹ jókòó. Ẹ má fi ìbínú ra ìkarùn-ún.

Owó wáléètì ńkọ́? Ẹ má kó ₦10,000 sínú rẹ̀ nítorí pé wọ́n ní àwọn á fi díẹ̀ lé e. Owó tó bá ti wọbẹ̀, ó ṣòro kó tó padà sí báńkì. Ẹ fi iye nọ́ńbà kan sí i, kó tán síbẹ̀.

Ó wá ku èyí tó ń bí mi nínú jù lọ, tó jẹ́ pé òun gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ nǹkan yìí: kí èèyàn máa fi nọ́ńbà àyálò ṣòwò.

Ìyá kan wà l'Ọjà Ọba níbí l'Ádó, aṣọ àti bàtà ọmọdé ló ń tà. Ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀ kan ló sọ fún un pé kó wá nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +1, pé bí àwọn oníbàárà bá rí i, wọ́n á gbà pé láti Amẹ́ríkà ni ọjà ti ń bọ̀ tààrà. Wọ́n ra ọ̀kan ní ₦2,500 lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń polówó rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n fi ṣí WhatsApp. Oṣù mọ́kànlá gbáko ni màmá yìí fi kó oníbàárà jọ sorí nọ́ńbà náà. Ará Ìkẹ́rẹ́ ń rà, ará Ìjerò ń rà, àwọn tó wà l'Ákùúrẹ́ ń sanwó ọjà tí wọn ò tíì fojú rí. Kì í ṣe nọ́ńbà Amẹ́ríkà ló fà wọ́n. Màmá yìí kì í purọ́ ìwọ̀n aṣọ, bí bàtà kò bá bá ọmọ mu, á gbà á padà. Ìyẹn ló fà wọ́n.

Ọjọ́ kan ni fóònù rẹ̀ já sínú korobá omi. Ó ra òmíràn, ó gbé e wá bá mi. Ó ní, “Ọmọ mi, ulé ni mo ti ń bọ̀, n ò tíì kan ọjà rárá, bá mi ṣe é kí n tètè lọ.” Mo tẹ nọ́ńbà náà sí i. WhatsApp ní kóòdù ń bọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá bẹ̀rẹ̀ sí í kà sẹ́yìn lójú fóònù: 59, 58, 57. Àwa méjèèjì ń wò ó. Ó pé òdo. Màmá ní, “Ó dà?” Mo bi í léèrè ibi tí síìmù rẹ̀ wà. Ó ní síìmù wo.

Ibẹ̀ ló ti yé mi. A pe ẹni tó ta nọ́ńbà fún wọn, fóònù rẹ̀ ò lọ. Màmá yọ ìwé kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ìwé tó ń kọ gbèsè sí. Ó ń ṣí i lójú ewé kan sí ìkejì. Orúkọ kún inú rẹ̀: Màmá Tòmíwá, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Ìyàwó Pásítọ̀, iye tí wọ́n jẹ sì wà níwájú wọn. Nọ́ńbà fóònù kankan ò sí níbẹ̀. Inú WhatsApp ni gbogbo wọn wà.

Kò tán síbẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti yá ẹlòmíràn ní nọ́ńbà yẹn, ẹni náà sì ti fi ṣí WhatsApp tirẹ̀. Àwọn oníbàárà ò mọ̀. Wọ́n ń kọ̀wé sí “Màmá Aṣọ Ọmọdé” bí wọ́n ti ń ṣe, àjèjì sì ń dá wọn lóhùn. Obìnrin kan l'Ákùúrẹ́ fi ₦18,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí àjèjì náà fún un. Màmá ló san owó yẹn padà nínú àpò ara rẹ̀, ó ní orúkọ òun ni wọ́n fi gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi. Nọ́ńbà ni WhatsApp fi mọ ẹni. Ẹni tí kóòdù bá wọ ọwọ́ rẹ̀ ló ni àkáǹtì. Ó ní PIN onídíjíìtì 6 tí ẹ lè fi tì í, ó sì dára kí ẹ ní in, ṣùgbọ́n ẹni tí kóòdù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò mọ PIN, ọjọ́ 7 péré ni yóò fi dúró. PIN ń ra àsìkò fún yín ni, kò lè sọ ohun àyálò di ohun ìní. Ẹni tó ti ń lo irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ báyìí, tí WhatsApp rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ má dúró di ìgbà tí fóònù máa já sómi. Ẹ lọ sínú ètò áàpù náà lónìí, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yí nọ́ńbà padà, ẹ gbé e sórí síìmù tí orúkọ yín wà lórí rẹ̀. Ó máa ń béèrè bóyá kó sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀, ẹ ní kó sọ.

Síìmù kejì ni mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ya òwò sọ́tọ̀ kúrò lára ilé. Fóònù tí ẹ ní lọ́wọ́ ń gba méjì. Láti oṣù kẹwàá 2023 ni WhatsApp ti gbà kí àkáǹtì méjì wà nínú áàpù kan lórí Android, áàpù WhatsApp Business sì wà lọ́tọ̀ fún àwọn ọlọ́jà. Ẹ so NIN yín mọ́ síìmù náà, ẹ tẹ *996# kí ẹ fi rí i dájú pé ó ti so. Kí ló tún kù tí nọ́ńbà Amẹ́ríkà fẹ́ ṣe fún yín?

Àwọn kan á ní àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí nọ́ńbà àwọn lórí Telegram. Ẹ ò nílò láti san kọ́bọ̀. Nínú ètò àṣírí Telegram, ẹ lè ní kí ẹnikẹ́ni má rí i, kí ẹ sì máa lo orúkọ àlò (username) dípò rẹ̀.

Báńkì: rárá. Ìkànnì tó ń sanwó iṣẹ́ fún yín: rárá.

JAMB ńkọ́? Ti JAMB kì í ṣe nọ́ńbà àyálò orí íntánẹ́ẹ̀tì, síìmù ọ̀rẹ́ ni wọ́n máa ń yá, ibì kan náà ni méjèèjì sì ń já sí. Síìmù tí ẹ fi ránṣẹ́ NIN sí 55019 ni profile code, ìyẹn kóòdù tí ẹ máa fi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ń padà sí, òun náà ló sì máa so mọ́ orúkọ yín. Ọdọọdún ni mò ń rí ọmọ tó ń wá ẹni tó yá síìmù lọ́wọ́ rẹ̀ kiri, ẹni náà ti lọ sí Èkó.

Ẹ jẹ́ kí n yí ọ̀rọ̀ náà sódì, torí àwọn ọmọ wa ti wà níhà kejì rẹ̀ báyìí. Ẹnìkan á ní, “Yá mi ní nọ́ńbà rẹ, kóòdù kan péré, màá fún ẹ ní ₦500.” Ẹ̀yin ni nọ́ńbà àyálò nìyẹn. Láti oṣù Kejìlá 2020 ni ìjọba ti ní kí gbogbo síìmù so mọ́ NIN. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi àkáǹtì yẹn ṣe, orúkọ yín, àwòrán yín àti ilé yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Ọmọkùnrin kan tó máa ń wá tẹ̀wé lọ́dọ̀ mi ta irú kóòdù bẹ́ẹ̀ fún ẹnìkan tí kò mọ̀ rí. Wọ́n fi lu ẹnìkan ní jìbìtì. Ọjọ́ méjì ni ọmọ yìí lò ní àgọ́ ọlọ́pàá, bàbá rẹ̀ wá láti oko l'Ẹ́fọ̀n, bàtà oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń bẹ̀ káàkiri. ₦500 náà ò tó owó ọkọ̀ bàbá. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà ní Nàìjíríà láti 2015, “n ò mọ ẹni tí mo tà á fún” kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹ máa fẹ́ sọ níwájú adájọ́.

Bó bá wá jẹ́ pé ẹ ti fi nọ́ńbà àyálò ṣí nǹkan kan tí ẹ fẹ́ fi pa mọ́, kí ìṣẹ́jú ogún yẹn tó pé ni kí ẹ ti fi ìmeèlì yín sí i, kí ẹ so ó mọ́ áàpù tó ń pèsè kóòdù nínú fóònù, irú èyí tí kóòdù rẹ̀ ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30. Google máa ń fúnni ní kóòdù ìpamọ́ 10. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, ẹ má ya àwòrán wọn sínú fóònù kan náà tó lè sọnù. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ nọ́ńbà àyálò náà kúrò pátápátá, ẹ fi tiyín sí i.

Síìmù tiyín gan-an náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Ìlà tí ẹ ò bá fi pe ẹnikẹ́ni, tí ẹ ò ra dátà sí fún oṣù 6, wọ́n lè pa á. Bí ó bá tún wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù 6 mìíràn, wọ́n lè fún ẹlòmíràn. Síìmù àtijọ́ tí ẹ fi ṣí ìmeèlì yín nígbà tí ẹ wà ní ọdún kìíní, tó wà nínú agolo pẹ̀lú pín-ìn-nì àti kọ́kọ́rọ́ àtijọ́, ẹ mú un jáde lálẹ́ yìí, ẹ ra ₦100 sí i, kí ẹ fi pe màmá yín.