Igo Oògùn Mẹ́ta Kò Gba Impatiens Mi Là, Omi Lásán Ló Gbà Á

Owó tí mo kó lé oògùn kòkòrò láàárín oṣù méjì ju owó òdòdó náà fúnra rẹ̀ lọ dáadáa. Ó ṣì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí. Oògùn ọ̀hún kì í ṣe ayédèrú o. Kòkòrò ni wọ́n ṣe é fún, ohun tó sì ń jẹ òdòdó mi kì í ṣe kòkòrò. Ẹni tó tà á fún mi kò bi mí léèrè ohun tí mo rí, èmi náà kò sì tíì wò ó dáadáa.

Impatiens walleriana ni mo gbìn, èyí tó máa ń hù fúnra rẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, láti Kẹ́ńyà títí dé Mòsáńbíìkì. Abẹ́ ìbòòji igi ló ti wá, ìdí nìyẹn tí inú ilé fi bá a lára mu. Mo fi í sínú ìkòkò tó ní ihò nísàlẹ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń wọlé, mo sì ń bomi rin ín nígbà tí ojú ilẹ̀ bá ti gbẹ. Kò le rárá. Ó tanná pupa fún oṣù mẹ́ta láìsinmi, inú mi sì ń dùn bí mo bá ti jí tí mo rí i.

Ìgbà tó yá ni ewé rẹ̀ ń ní àmì wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí èèyàn fi abẹ́rẹ́ gún un. Mo rò pé òùngbẹ ni, mo fi kún omi. Àṣìṣe gbáà ni. Omi kún inú igi impatiens fúnra rẹ̀, bí ilẹ̀ bá rin jù, ìdí rẹ̀ á rọ̀, á sì rà. Ẹ̀ka kan bà jẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n tó fà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni mo rí hóró kéékèèké tó ń dán létí ewé. Mo ní ẹyin kòkòrò nìyí, mo sáré ra igo àkọ́kọ́. Ṣúgà ni! Impatiens fúnra rẹ̀ ló ń sun omi dídùn jáde létí ewé, bó bá gbẹ, á dì bí hóró. Kò sí ohun tó ń ṣe é níbẹ̀ rárá. Igo kejì kò mú ìyàtọ̀ wá. Ẹ̀kẹta tiẹ̀ jó òdòdó tó kù, ewé sì ń já bọ́ lójoojúmọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fi tọ́ọ̀ṣì tan ìmọ́lẹ̀ sábẹ́ ewé. Òwú tín-ín-rín wà láàárín ewé àti ẹ̀ka. Mo gbá ewé náà sórí bébà funfun, eruku tó já bọ́ sì ń rìn. Spider mite ni wọ́n. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n, kì í ṣe mẹ́fà bíi ti kòkòrò, mọ̀lẹ́bí aláǹtakùn ni wọ́n, ọ̀pọ̀ oògùn kòkòrò kì í sì í ràn wọ́n. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ inú ilé ni wọ́n fẹ́ràn. Gbogbo oṣù méjì yẹn, mi ò yí ewé kan wò lábẹ́ rí!

Mo gbé e kúrò láàárín àwọn yòókù, mo gé ewé tó ti bà jẹ́ jù, mo fi náílọ́ọ̀nù di ojú ìkòkò kí ilẹ̀ má baà rin gbindin, mo sì dorí rẹ̀ kodò sábẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn jẹ́jẹ́. Ọwọ́ ni mo fi ń gbé abẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan, torí ewé yẹn tètè ń ya. Ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni mo ń ṣe é, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹyin wọn máa ń pa láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí ilé bá móoru, nítorí náà ẹni tó bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tó dáwọ́ dúró, bíi pé kò fọ̀ ọ́ ni. Ewé tuntun tó yọ lẹ́yìn náà mọ́ tónítóní.

Ìyá igi náà ti rí jánganjàngan nígbà yẹn. Àmọ́ mo ti gé ṣóńṣó ẹ̀ka mẹ́rin tó mọ́ lára rẹ̀, mo gé e lábẹ́ oríkèé, mo já òdòdó àti ewé ìsàlẹ̀ kúrò, mo kì wọ́n sínú ife omi. Ọjọ́ kọkànlá ni gbòǹgbò yọ lára gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Ká ní mo mọ̀ ni, ìgbà tí ara rẹ̀ ṣì le ni mi ò bá ti gé díẹ̀ pamọ́. Ní báyìí, ṣóńṣó wọn ni mo ń já kí wọ́n lè pẹ̀ka, ìdajì ajílẹ̀ tí wọ́n kọ sára páálí ni mo sì ń fún wọn. Bí mo bá ti fẹ́ bomi rin wọ́n, mo máa ń yí ewé wò lábẹ́ ná.

Ọ̀kan nínú wọn so èso lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo fọwọ́ kàn án báyìí, ó bẹ́, hóró fọ́n káàkiri. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fún un ní orúkọ Látìn tó túmọ̀ sí aláìnísùúrù. Mo ṣa mọ́kànlá nílẹ̀. Mo fi wọ́n lé orí ilẹ̀ tútù, mi ò bò wọ́n, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n hù.