Ṣé kí a san owó wárántì àfikún? Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Ẹ ti ná fíríìjì náà tán, owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde nínú àpò, ìgbà náà ni ẹni tó ń tajà máa rọra sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fi wárántì ọdún méjì kún un fún yín? Owó kékeré ni." Wárántì àfikún nìyẹn: ìlérí tí ẹ sanwó fún lọ́tọ̀, pé wọ́n máa tún ẹ̀rọ náà ṣe bó bá bàjẹ́. Lórí ìdúró ni wọ́n ti fẹ́ kí ẹ dáhùn ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ènìyàn jókòó rò.

Èrò tèmi ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, kò yẹ kí ẹ san án. Owó yẹn á wúlò fún yín jù bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíràn, pàápàá ní Nàìjíríà, níbi tó jẹ́ pé wàhálà iná tó ń ba ẹ̀rọ jẹ́ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìwé wárántì máa ń yọ ara rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà. Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò rèé.

1. Ẹ má dáhùn níbẹ̀

Ẹ bi ẹni tó ń tajà ní nǹkan méjì: "Títí dìgbà wo ni mo fi lè padà wá san án?" àti "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìwé rẹ̀ kí n lọ kà á." Ìṣọ́ọ̀bù tó mọ ohun tó ń tà á fún yín níwèé. Bí wọ́n bá ní àfi lónìí, tàbí pé kò sí ìwé, pé àwọn máa kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì, ẹ san owó fíríìjì yín kí ẹ máa lọ. Ọ̀rọ̀ ti tán.

2. Ẹ mọ ohun tí ẹ ti ní láìsan kọ́bọ̀ sí i

Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọjà tuntun máa ń fi wárántì tirẹ̀ tẹ̀lé e, ọdún kan ló sì wọ́pọ̀ jù. Bí wọ́n bá wá sọ fún yín pé "wárántì ọdún mẹ́ta", ẹ bèèrè bóyá ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ti ilé-iṣẹ́ ni, tàbí ọdún mẹ́ta lápapọ̀. Bó bá jẹ́ lápapọ̀, ọdún méjì péré lẹ ń sanwó fún.

Ẹ wo ara ilẹ̀kùn fíríìjì náà dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí sítíkà tí wọ́n kọ "10 Years" sí gàdàgbà. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀: kọ̀m̀pírẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ inú rẹ̀ tó ń mú kó tutù, nìkan ni wọ́n sábà máa ń fún ní ọdún mẹ́wàá yẹn. Bọ́ọ̀dù iná tó ń darí rẹ̀, fáànù, gáàsì, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, gbogbo ìyẹn kò sí níbẹ̀. Lórí kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ náà pàápàá, ó lè jẹ́ páàtì nìkan ni wọ́n máa fún yín, kí owó iṣẹ́, owó gáàsì àti owó ọkọ̀ tó máa gbé e lọ wà lọ́rùn yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé páàtì tó wọ́n jù lára fíríìjì náà ti lè ní ààbò tẹ́lẹ̀. Ẹ bèèrè ohun tí wárántì àfikún máa fi kún ìyẹn.

Òfin náà kò sùn. Ní Nàìjíríà, òfin FCCPA ti ọdún 2018, èyí tó dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀, fún ẹni tó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, tó ń ṣiṣẹ́, tí kò ní àbùkù. Gbólóhùn tí àwọn ìṣọ́ọ̀bù kan máa ń tẹ̀ sórí rìsíìtì, pé ọjà tí ẹ bá ti rà kò ṣeé dá padà, kò lè pa ẹ̀tọ́ yẹn rẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ti ní àbùkù láti ilé-iṣẹ́ wá, kò yẹ kí ẹ sanwó kún un kí wọ́n tó dá yín lóhùn.

3. Ẹ ka ohun tí wọn kò ní san, kí ẹ tó ka ohun tí wọ́n máa san

Ibí yìí ni kí ẹ pẹ́ sí jù. Ojú ìwé àkọ́kọ́ máa ń dára lójú: àtúnṣe ọ̀fẹ́, páàtì ọ̀fẹ́, kí ọkàn yín balẹ̀. Ẹ ṣí i dé ẹ̀yìn. Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ kì í yàtọ̀ púpọ̀: wọn kò ní tún un ṣe bó bá jẹ́ iná tó lọ sókè lójijì ló bà á jẹ́, bí omi bá wọ inú rẹ̀, bó bá jábọ́, bí eku tàbí èèrà bá jẹ wáyà rẹ̀, bí ẹlòmíràn bá ti tú u kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, bí ẹ bá ń fi í ṣòwò.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí iná. Iná ìjọba á lọ láàárọ̀, á dé lálẹ́, bó sì ṣe ń dé, ó lè fò sókè ju 230 fọ́ọ̀tì (volts) tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà fún lọ. Bọ́ọ̀dù ló sábà máa ń gba ìyà rẹ̀. Ẹńjínníà ilé-iṣẹ́ á dé, á tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, á rí ibi tó jó dúdú lára bọ́ọ̀dù, á sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé iná ló fà á. Bó bá ti kọ ìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa sanwó, bí ọdún mẹ́ta yín tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó ro ti wárántì àfikún rárá, ẹ ra sìtábíláísà tó lágbára tó ẹ̀rọ náà. Ìwé wárántì mìíràn tilẹ̀ wà tó kọ ọ́ pé bí ẹ kò bá lo sìtábíláísà, wárántì náà ti di asán nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé owó tó wà lọ́wọ́ kò tó méjèèjì, sìtábíláísà ni kí ẹ mú. Mi ò ní iyè méjì lórí èyí.

Ti òwò náà ṣe pàtàkì. Obìnrin tó ń di omi àti zóbò sínú fíríísà ilé, tó ń tà á fún àwọn ọmọ iléèwé, òwò ló ń ṣe lójú ìwé wárántì. Bí ẹńjínníà bá dé tó bá pákéètì omi tó kún inú fíríísà, ó lè kọ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa fi ẹ̀rọ náà pawó, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n sì kọ èsì wọn sílẹ̀.

4. Ẹ ṣe ìṣirò

Owó tí mo máa lò yìí, àpẹẹrẹ ni. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Ká ní fíríìjì jẹ́ ₦650,000, tí wárántì àfikún ọdún méjì sì jẹ́ ₦65,000. Ẹ pe ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe ládùúgbò yín, ẹ bi í pé èló ni wọ́n ń gbà bí bọ́ọ̀dù tàbí fáànù irú fíríìjì yìí bá bàjẹ́. Ká ní ó dáhùn pé ₦120,000.

Ẹni mẹ́wàá tó bá ra wárántì yìí á san ₦650,000 lápapọ̀, iye owó fíríìjì tuntun kan. Bí mẹ́ta nínú fíríìjì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá bàjẹ́, tí ilé-iṣẹ́ sì tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe láìjiyàn, ₦360,000 ni wọ́n máa ná. Ó ku ₦290,000 lọ́wọ́ wọn. Kí owó tí ẹ san tó lè tó ohun tí ẹ máa gbà, ó ní láti jẹ́ pé ó ju ìdajì irú fíríìjì bẹ́ẹ̀ lọ tó máa ń bàjẹ́ láàárín ọdún méjì yẹn. Bí fíríìjì kan bá burú tó bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ má rà.

Ìbéèrè mìíràn wà tí ìṣirò nìkan kò lè dáhùn: bí ẹ bá ní láti wá ₦120,000 lójijì, ṣé ilé máa dàrú? Bí kò bá ní dàrú, ẹ fi ₦65,000 yẹn sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù (kọ́ọ̀pù) tàbí àkáǹtì kan tí ẹ kì í fọwọ́ kàn. Owó yẹn á dúró de fíríìjì, á dúró de tẹlifíṣọ̀n, á dúró de ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ti wárántì, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà fún, bí ẹ̀rọ náà kò bá sì bàjẹ́, ó lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó lè gbè wárántì lẹ́yìn, kò sì yẹ kí n fi pamọ́. Láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ páàtì ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Nígbà tí náírà já ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tó sì ti kọjá ₦1,500 sí dọ́là kan kí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 tó parí, ẹni tó ti sanwó wárántì rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ti fi owó àná ra àtúnṣe ọ̀la. Àǹfààní gidi nìyẹn, bí ilé-iṣẹ́ náà bá mú ìlérí ṣẹ. Ṣùgbọ́n irú àsìkò bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tó ṣèlérí lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò sí páàtì nílẹ̀. Èyí ló gbé wa dé ìgbésẹ̀ tó kàn.

5. Ta ló dúró lẹ́yìn ìwé náà?

Ó lè jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ, ó lè jẹ́ ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò, ó sì lè jẹ́ ìṣọ́ọ̀bù náà fúnra rẹ̀. Ti ìṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń bẹ̀rù jù, torí bí wọ́n bá kó kúrò lọ́jà, ìwé yín di ìwé lásán. Ẹ wá nọ́ńbà ibi tí wọ́n ti ń ṣe àtúnṣe, kí ẹ sì pè é kí ẹ tó sanwó:

"Ẹ káàárọ̀ o. Mo fẹ́ ra fíríìjì yín, Ṣakí ni mò ń gbé. Bó bá bàjẹ́, ṣé ẹ máa wá ni, àbí èmi ni màá gbé e wá?"

"Ìkẹjà la wà, mà. Ẹ máa gbé e wá ni."

"Owó ọkọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ máa san án, mà."

Ìpè kan yẹn ti dáhùn ohun gbogbo. Owó àtigbé fíríìjì láti Ṣakí dé Ìkẹjà àti padà lè jẹ gbogbo èrè tó wà nínú wárántì náà, kí ẹ má tíì ka ohun tí ojú ọ̀nà lè ṣe fún fíríìjì. Ẹni tó wà ní Ìkẹjà lè gba ohun kan náà kó sì jàǹfààní rẹ̀. Bí wọn kò bá gbé ìpè yín nígbà tí ẹ fẹ́ fún wọn lówó, ẹ fọkàn sí i.

Ẹ̀yin tó wà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà

Ní Ìlú Ọba, òfin ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ wárántì àfikún fún yín. Lábẹ́ Consumer Rights Act 2015, ẹ lè dá ọjà tó ní àbùkù padà láàárín ọjọ́ 30, kí ẹ gba gbogbo owó yín. Bí àbùkù bá yọ láàárín oṣù mẹ́fà, wọ́n máa gbà pé ó ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti tà á. Ẹni tó tà á ló máa fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ̀yin lẹ máa fi ẹ̀rí hàn, ẹ sì ní títí di ọdún mẹ́fà láti gbé e dé kóòtù ní England àti Wales, ọdún márùn-ún ní Scotland. Bí ẹ bá fi káàdì ìyáwó (credit card) san ọjà tó ju £100 lọ tí kò sì ju £30,000, báńkì tó ni káàdì náà pín nínú ẹrù náà pẹ̀lú ẹni tó tajà. Bí ẹ bá sì ti ra wárántì àfikún tó ju ọdún kan lọ lórí ẹ̀rọ iná ilé, tí ọkàn yín wá yí padà, àṣẹ kan wà láti ọdún 2005 pé ẹ lè fagi lé e láàárín ọjọ́ 45 kí ẹ gba gbogbo owó yín, bí ẹ kò bá tíì lò ó.

Ní Amẹ́ríkà, ti ọkọ̀ ló ń dààmú ènìyàn jù. Lábẹ́ òfin Magnuson-Moss ti ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kò lè fagi lé wárántì rẹ̀ kìkì nítorí pé mẹ́káníìkì ìta ló pa ọ́ìlì ọkọ̀ yín dà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín láti ta wárántì fún yín.

Bí ẹ bá sì ń ra ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé, ẹ má san kọ́bọ̀ lórí wárántì àfikún àyàfi tí wọ́n bá kọ Nàìjíríà sínú ìwé náà. Inú orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti tà á ni ó sábà máa ń parí sí. Ti Amẹ́ríkà tún le sí i, torí 120 fọ́ọ̀tì ni iná ibẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ìyẹn nìkan kò ní pẹ́ kó tó jó lórí iná wa.

Nígbà tó yẹ kí ẹ san án

Ẹ san án bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ohun tí ẹ fi ń jẹun, tí ìwé sì gba kí ẹ fi ṣòwò, tó sì kọ iye ọjọ́ tí wọ́n máa fi tún un ṣe tàbí pé wọ́n máa fún yín ní òmíràn lò. Ẹ san án bí páàtì rẹ̀ bá ṣòro rí débi pé ilé-iṣẹ́ nìkan ló ní in, bíi bátìrì lítíọ́ọ̀mù ti ínfátà ńlá. Ẹ san án bí ìwé náà bá kọ ọ́ kedere pé àwọn máa tún ohun tí iná bà jẹ́ ṣe. Irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i, ó tọ́ kí ẹ rò ó dáadáa. Fún fóònù, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá ni ìbánigbófò tó ń san owó sùkíríìnì tó fọ́. Wárántì lásán kì í fọwọ́ kan ìyẹn.

Ọjà tòkunbọ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì láti dán an wò, ẹ gbà á, kí ẹ sì lò ó tọ̀sán-tòru láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti sanwó fún ju ìyẹn lọ.

Yálà ẹ san án tàbí ẹ kò san án

Ẹ ya fọ́tò rìsíìtì lọ́jọ́ tí ẹ rà á, torí ìwé pẹlẹbẹ tó ń jáde lára ẹ̀rọ POS máa ń ṣí, láàárín ọdún kan ó lè ti funfun báláú. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Kí ẹ wá kọ ọjọ́ kan sínú fóònù yín: ọjọ́ tó máa pé oṣù mọ́kànlá tí ẹ rà á. Bí ọjọ́ yẹn bá pé, ẹ gbọ́ ìró kọ̀m̀pírẹ́sọ̀, ẹ wo bóyá ilẹ̀kùn ṣì ń pa dé dáadáa, ẹ wo bóyá yìnyín ń di lójú kan. Ohunkóhun tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ pe ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an, nígbà tí wárántì ọ̀fẹ́ ṣì ku oṣù kan.