Bí A Ṣe Ń Fi ε Darí Ìdọ́gba Dé Ojútùú Tó Súnmọ́ (0, 0) Jù

Bírò àti ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, ẹ má tíì tan kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ φ(x, y) = (x + y − 2)²/2. Gbogbo ibi tí x + y bá ti jẹ́ 2 ni φ ti kéré jù, nítorí náà ojútùú wa kì í ṣe ẹyọ kan, ìlà gbọọrọ ni.

Ẹ kọ u′ = −∇φ(u): u ni (x, y), u′ ni bí u ṣe ń yí padà bí àkókò t ṣe ń lọ, ∇φ sì ń tọ́ka sí ibi tí φ ti ń gòkè jù. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti (3, 0). Ẹ ó gúnlẹ̀ sí (2.5, −0.5). Ẹni tó bá gba ibòmíràn wọlé, ibòmíràn ló máa jókòó sí. Èyí tí a ń wá ni (1, 1), tó súnmọ́ (0, 0) jù lórí ìlà náà. Ẹ fi ohun tí Tikhonov, onímọ̀ ìṣirò, kọ́ wa kún un: u′ = −∇φ(u) − ε(t)u. ε(t) ni nọ́ńbà tó ń sọ bí a ṣe ń fa u sí (0, 0) tó ní àkókò t.

Yíyan ε yìí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Mo ti rí àwọn tó fi í sí 0.5, tí wọn ò sì yí i padà mọ́. Ó gbé wọn dé (0.8, 0.8), inú wọn dùn pé ó dúró sójú kan. Ẹ ro 0.8 méjì pọ̀ ná: 1.6 ni! Wọn ò tilẹ̀ sí lórí ìlà.

Àwọn kejì gbọ́ pé ε gbọ́dọ̀ máa lọ sí òdo, ni wọ́n bá kánjú, wọ́n mú 1/(1+t)². Ìyẹn dúró sí nǹkan bí (1.55, 0.45). Kí ló fà á? Ẹ ro gbogbo ε pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí láé, 1 péré ni. Ohun tó ń fà wá ti tán kí a tó délé.

1/(1+t) lèmi máa ń lò. Òun náà ń lọ sí òdo, ṣùgbọ́n àròpọ̀ rẹ̀ kò lópin. Tí t bá di 100, ẹ ti wà ní nǹkan bí (1.01, 0.98). 1/√(1+t) náà dára, àmọ́ ní t kan náà, nǹkan bí (0.95, 0.95) ló ṣì wà.

Ẹ má rò pé orí àpẹẹrẹ kékeré nìkan ló ti ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1978, Baillon, onímọ̀ ìṣirò, fi hàn pé nínú ààyè Hilbert (ààyè tó lè ní ìhà àìlópin), bí φ tilẹ̀ rí bí abọ́ (convex), u′ = −∇φ(u) láìsí ε lè kọ̀ láti gúnlẹ̀ gidi, ìyẹn ni pé àlàfo láàárín u àti ojútùú lè má di òdo. Cominetti, Peypouquet àti Sorin sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 2008 pé fún irú φ bẹ́ẹ̀ tó ní ojútùú, bí ε bá lọ sí òdo tí àròpọ̀ rẹ̀ kò sì lópin, a ó gúnlẹ̀ sí ojútùú tó súnmọ́ òdo jù.

Ó kù kí ẹ tan kọ̀ǹpútà. Octave, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, ni kí ẹ lò, ọ̀fẹ́ ni. Ìgbésẹ̀ 0.1 tó fún ọ̀nà Euler, tó ń fi ìgbésẹ̀ kéékèèké tẹ̀ lé u′. Tó bá ti pé 1, nọ́ńbà á máa fò sókè-sódò. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un ṣe láti (−4, 7). Bí kò bá forí lé (1, 1), ε ni kí ẹ padà lọ wò.